Ilà Tó Wọ́

Mọ́mì mi sọ fún wa pé àwọn ò fẹ́ ayẹyẹ kankan fún àádọ́rin ọdún wọn. Orúnkún ń dùn wọ́n, ariwo sì máa ń fún wọn ní ẹ̀fọ́rí. Wọ́n ní àwọn ti jó gbogbo ijó tó kan àwọn láyé yìí. Kí a ṣáà gbàdúrà fún àwọn, kí a ya fọ́tò kan, kí a sì gbé e sórí ayélujára kí àwọn tó mọ àwọn lè rí i pé àwọn ṣì wà. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju ìyẹn lọ, a sì rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó o.

Alápẹ̀rẹ̀ la jọ ń gbé, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ àti Mọ́mì, láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta abọ́ tánganran ní Kétu sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Ògùdù, ló wá ya fọ́tò náà. Ó mọ fóònù lò ju bí mo ṣe mọ ìkòkò ọbẹ̀ mi lọ. Ó ní kí Mọ́mì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa, ó bá wọn wé gèlè, ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rí fọ́tò yẹn kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀. Ìyá mi ni lóòótọ́, pẹ̀lú ojú tó máa ń dà bíi pé wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ bú èèyàn kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, àti ilà mẹ́rin-mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì.

Àbàjà ni ilà náà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti kọ ọ́ fún wọn. Méje nínú mẹ́jọ ló gún régé, ṣùgbọ́n ìkẹjọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa bíi ti àwọn yòókù, nígbà tó wá kù díẹ̀ kó parí, ó yà bàrá sísàlẹ̀ sí apá ẹnu. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń fi ìka tọ ilà yẹn, a ó ní kí Mọ́mì tún ìtàn rẹ̀ sọ fún wa. Wọ́n á ní àwọn ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta kí olóòlà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, nítorí oko ni bàbá wọn ń gbé, àwọn sì ti lágbára. Ìyá wọn ló gbé orí wọn sáàárín itan, tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Wọ́n ké títí, ìyá ò mira. Àfi ìgbà tó ku ilà kan ṣoṣo, tí wọ́n pe “Màámi” lẹ́ẹ̀kan, tí wọn ò tiẹ̀ pariwo ẹ̀. Ọwọ́ ìyá yẹ̀, orí ọmọ yí, abẹ sì bá tiẹ̀ lọ. Bàbá wọn ló sọ fún wọn nígbà tí wọ́n dàgbà pé olóòlà bínú dìde, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyẹn, àti pé lọ́jọ́ náà, ẹkún ìyá pọ̀ ju tọmọ lọ. Ìtàn yìí máa ń pa Mọ́mì lẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á ní ìgbà tí wọ́n bá ń kọlà ló ń dunni, tó bá jinná tán, ó di oge.

Ìyá ìyá mi yẹn ò dàgbà kó tó kú. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan níbikíbi.

Mi ò gbọ́ kí Mọ́mì ráhùn nítorí ojú wọn rí. Nígbà kan tí wọ́n jí pọ́ọ̀sì wọn ní Mile 12, tí wọn ò ní owó tí wọ́n máa fi wọ mọ́tò, bàbá awakọ̀ kan kàn wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó ní ọmọ ilé wa ni yín, ó sì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò nílò káàdì ìdánimọ̀, tàwọn ti wà lójú.

Ohun tí àbúrò mi ṣe kò gbà á ju kí ẹ mu omi tán lọ. Ó fi ẹ̀rọ inú fóònù rẹ̀ dán ojú Mọ́mì. Ó mú àwọn àpò abẹ́ ojú kúrò, ó mú ọrùn le, ó mú àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀ díẹ̀, ilà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì lọ. Mi ò rò pé ilà yẹn gan-an ló ń lépa. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilà àti irorẹ́, ohunkóhun tí kò bá ti dán lójú èèyàn, àbùkù ni lójú tiẹ̀. Àbúrò mi kọ “Ẹ kú ọdún o, Ìyá Rere” sísàlẹ̀ fọ́tò náà, ó fi òdòdó yí i ká, ó sì nà án sí mi pé kí n wò ó. Mo ní ó dáa. Ó sì dáa lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò mi ti gbé e sórí ayélujára, gbogbo ayé sì ti ń kí wa. Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Ìkòsì, àwọn tí wọ́n jọ tajà ní Kétu rí, gbogbo wọn ló ní nǹkan sọ. Ẹnì kan ní ṣé ìyá wa ni àbí ẹ̀gbọ́n wa. Ẹnì kan ní kí Mummy dákun sọ ohun tí wọ́n ń mu. Èmi ni mo jókòó ti Mọ́mì tí mò ń kà á fún wọn, inú mi sì ń dùn bíi pé èmi ni wọ́n ń yìn. Nígbà tó yá, wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n tún mú un sún mọ́ra. Wọ́n bi mí pé ṣé àwọn rèé. Mo ní àwọn ni. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú fóònù náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti yí padà. Ẹni tó jẹ́ pé bí ẹ bá pè é lórí fídíò, á gbé fóònù sábẹ́ àgbọ̀n kí ẹ lè rí inú ihò imú ẹ̀ dáadáa, kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun lórí fídíò mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà lókè òkun fi ẹjọ́ sùn mí pé ṣé òun ti ṣẹ Mọ́mì ni. Tí àwọn ọmọ mi bá ń ya fọ́tò, Mọ́mì á ní kí wọ́n kọ́kọ́ “fi nǹkan yẹn sí i.” Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi pé eyín ń dùn wọ́n. Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní Mọ́mì ti ń ṣe sìsí, kí Dádì tó wà lọ́run lọ múra. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe máa ń dá mi lóhùn.

Àṣé wọ́n ti ń wo nǹkan mìíràn lórí fóònù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe, ẹ wo nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, irú ẹ̀ ogún á tẹ̀ lé e. Wọ́n rí obìnrin kan tó ní ilà ní apá òsì fọ́tò, tí kò sì ní mọ́ ní apá ọ̀tún, ẹni tó ń ta ìpara tó pa ilà náà rẹ́ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti rán ẹnì kan ra ìpara yẹn. Mo bá a nínú ike kékeré kan lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Inú bí mi gan-an. Mo dà á nù, mo fi òrí pa wọ́n lójú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ojú náà sì jinná. Ilà wà níbẹ̀ digbí, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Nílé wa, àgbàlagbà kì í fi fọ́tò tí wọ́n máa fi kéde ikú òun sílẹ̀ fún ọmọ láti wá. Á ti yan ti ẹ̀, á sọ fún yín, á ní èyí lẹ óò lò nígbà tí mo bá lọ. Mọ́mì ti yan tiwọn tipẹ́: fọ́tò tí wọ́n yà níwájú ìsọ̀ wọn, wọ́n di ọwọ́ sẹ́yìn, abọ́ tánganran tò lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ilà wọn sì hàn kedere. Inú férémù ló wà, wọ́n fi aṣọ dì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá fọ́tò ọjọ́ìbí wọn lára ògiri pálọ̀, ó tóbi tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Mọ́mì ti ní kí onífọ́tò kan bá wọn tẹ̀ ẹ́ ní Kétu. Wọ́n ní èyí ló kù tí a máa lò. Wọ́n ní kí n ju tàtijọ́ yẹn nù.

Mo jókòó. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n bá kú, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí la máa sin. Mo ní, “Mọ́mì, ojú yín dáa bó ṣe wà. Kò sóhun tó ṣe é.”

Wọ́n yíjú sí mi. “Tó bá dáa, kí lẹ wá yọ ọ́ fún?”

Mo ní àwa kọ́, fóònù ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀. Wọ́n ní fóònù ò lọ́wọ́, àwa la lọ́wọ́. Wọn ò bínú, ìbá tiẹ̀ sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ń to aṣọ tí àwọn ọmọ ká lórí okùn, wọ́n sì ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀.

“Mo kàn ń rò ó ni,” wọ́n ní. “Gbogbo ìgbà tí mò ń kó ojú yìí tẹ̀ lé yín lọ síléèwé, mi ò mọ̀ pé ó ń tì yín lójú.”

Ojú wọn ò tì mí rí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, mo tún un sọ, mo búra. Ṣùgbọ́n kí ni ìbúra ẹnì kan máa ṣe níwájú gbogbo àwọn tó ti kọ̀wé pé ojú tí kò nílà yẹn ló rẹwà? Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n kó aṣọ wọn wọ yàrá.

Ohun tó jẹ́ kí n dákẹ́ ni pé mo mọ bọ́tìnì tí àbúrò mi tẹ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi ni ìbàdí mi ti kọ̀ láti padà síbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Tí mo bá fẹ́ gbé fọ́tò sí status, mo máa ń kọ́kọ́ fi ìka tì í wọlé lọ́tùn-ún, kí n tì í wọlé lósì. Nígbà kan mo tì í débi pé férémù ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn mi tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀rẹ́ mi kan sì bi mí bóyá ilé wa fẹ́ wó ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo pa á rẹ́, mo sì wá ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà, mo gbà, àmọ́ èmi ò tíì rí ẹni tó gbé fọ́tò ìwà síbẹ̀ kí wọ́n tẹ ọkàn pupa fún un. A kàn ń yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára ara wa, à ń pè é ní ìmúra. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ àwa tí a ṣì kéré ni, pé ìyá mi ti kọjá ibẹ̀. Mi ò mọ̀ pé kò sí ọjọ́ orí tí wọ́n máa sọ fún èèyàn pé ó tún lè rẹwà sí i tí kò ní fẹ́ gbà á gbọ́.

Fọ́tò náà wà lára ògiri bẹ́ẹ̀, a jọ ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á, títí Mọ́mì Ìsẹ́yìn fi dé.

Mọ́mì Ìsẹ́yìn ni àbúrò Mọ́mì kan ṣoṣo tó kù láyé. Kì í wá sí Èkó tí kì í bá ṣe pé ó nídìí, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò lè pé àádọ́rin kí òun má fojú kàn án. Ó gbé èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí wá, àti aṣọ òfì kan tó ní kí Mọ́mì máa fi bo ẹsẹ̀. Fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ni tiẹ̀, kò sí fọ́tò kankan tó lè wọ inú ẹ̀, nítorí náà kò tíì rí èyí tí gbogbo ayé ti rí. Òun náà kọ àbàjà, mẹ́rin-mẹ́rin, ṣùgbọ́n tiẹ̀ gún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n jẹun, wọ́n to àwọn tó ti kú lórúkọ, wọ́n to àwọn tó ṣì wà. Ìgbà tí mo ń kó abọ́ kúrò ni Mọ́mì Ìsẹ́yìn gbójú sókè.

Ó béèrè pé ta nìyẹn. Mo rò pé ojú ẹ̀ ni kò ríran dáadáa mọ́. Mọ́mì ní àwọn ni.

Ó dìde. Ó rìn lọ síbi ògiri náà, ó sún mọ́ ọn títí imú ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì fọ́tò náà, ó ń fọwọ́ wá a bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ọwọ́ Màámi ti yẹ̀ dà?”

Mo gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi padà sórí tábìlì.

“Ẹ̀yin lẹ mọ Màámi,” Mọ́mì Ìsẹ́yìn ní. “Ọmọ ọwọ́ ni mo wà nígbà tó lọ. Nígbà tí wọ́n kọ tèmi, ìyàwó bàbá wa ló dì mí mú, kò sì yẹ̀. Èmi ò ní nǹkan kan tí mo lè wò tí mo fi lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ rèé. Ojú yín ni mo máa ń wò.”

Mọ́mì gbé ọwọ́ sókè wọ́ọ́rọ́, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn. Ìka wọn mọ̀nà débẹ̀ láìwá a. Wọ́n fi ọwọ́ síbẹ̀, omi sì bọ́ lójú wọn gba orí ìka náà kọjá. Èmi náà ń sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín.

“Mo ti gbàgbé,” wọ́n ní. “Mo ti ń pè é ní tèmi nìkan.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò tó wà ní Kétu. Kí a tó kúrò nílé, wọ́n ní kí n sọ obìnrin ara ògiri náà kalẹ̀, kí n bá wọn gbé e fún àbúrò mi, pé òun ló bí i, kó máa tọ́jú ọmọ ẹ̀. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ní òun á pa fọ́tò náà rẹ́ níbi gbogbo. Mọ́mì gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kó má ṣe yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, àwọn mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Onífọ́tò náà ṣe dáadáa sí wọn. Ó gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi aṣọ òfì náà bo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, ó yà wọ́n papọ̀, lẹ́yìn náà ló ya Mọ́mì nìkan. A tẹ̀ lé e lọ sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Mọ́mì wọ awò ojú wọn, wọ́n dúró sẹ́yìn ọmọkùnrin náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé àga ẹ̀. Ojú wọn jáde gàdàgbà. Ọmọ náà fi máòsì tẹ ibì kan, ó tẹ ibì kan, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn, kí a sì tó mọ ohun tó ń lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti dán.

“Mummy, ó ti clean báyìí,” ó ní. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ẹ̀.

Mọ́mì ní kó dá a padà. Ó ní ṣé gbogbo ẹ̀ ni. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn, ilà sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ọ̀tún kọ́kọ́ pé, lẹ́yìn náà ti òsì, ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Mọ́mì Ìsẹ́yìn di apá mi mú. Èyí tó kẹ́yìn náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa bíi ti àwọn yòókù, ó yà bàrá sí apá ẹnu.

Ọmọ náà ní kí òun bá wọn tún ìyẹn nìkan ṣe, kó lè gún bíi ti àwọn tó kù.

“Má fọwọ́ kàn án,” Mọ́mì ní. “Ọwọ́ ìyá mi nìyẹn.”